Bí a ṣe ń ṣírò agbára irin onífọ́nrán kí a tó dà á sínú mọ́ọ̀dù

Àwọn tó ń yọ́ àlòkù álúmínì ní Ìlọrin mọ iṣẹ́ wọn dunjú. Písítìn ọkọ̀ tó ti gbó, férémù fèrèsé, ìdérí ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ ìléru, òun náà ni wọ́n fi ń rọ ìkòkò, púlì àti apá ẹ̀rọ. Ìkòkò kì í fúnni ní wàhálà. Apá ẹ̀rọ ló máa ń fa ọ̀rọ̀, pàápàá èyí tí wọ́n ń fà tí wọ́n ń tì lójoojúmọ́, bí ọ̀pá tó ń mi asẹ́ gàrí níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀gẹ́ lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo sí Òmù-Àrán. Ó ń ṣẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ ẹ̀rọ díẹ̀ á wá bi ara rẹ̀ pé: bí a bá na wáyà irin sínú mọ́ọ̀dù kí a tó da álúmínì lé e lórí, ṣé kò ní lágbára sí i?

Yóò lágbára sí i, irin tí a bá sì na wáyà tàbí fọ́nrán (okùn tẹ́ẹ́rẹ́) sínú rẹ̀ báyìí là ń pè ní irin onífọ́nrán. Báwo ni agbára náà yóò ṣe pọ̀ tó ni ìbéèrè, òun ni mo sì fẹ́ ká jọ ṣírò. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ tó ń wá iṣẹ́ àṣekágbá ní Yunifásítì Ìlọrin, Màlété, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán ni mo ní lọ́kàn, àti oníṣẹ́ ọwọ́ tó lè lo Excel lórí fóònù rẹ̀.

Èrò náà kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 1960, àwọn onímọ̀ NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ní Cleveland ń na wáyà tungsten (irin líle kan) sínú bàbà láti wo bí agbára ṣe ń pọ̀ sí i. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú irin méjì tí kì í yòrò mọ́ ara wọn ni. Ní 1965, àwọn onímọ̀ méjì, Kelly àti Tyson, gbé ìṣirò kan jáde lórí irú irin bẹ́ẹ̀ tí a ṣì ń lò dòní. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fi álúmínì onífọ́nrán boron (èròjà líle kan) ṣe àwọn ọ̀pá oníhò inú ikùn ọkọ̀ òfuurufú Space Shuttle, Toyota náà sì fi fọ́nrán alumina (álúmínì tó ti bá ọ́síjìn pọ̀) kéékèèké kún písítìn ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ní 1983. Àwa ò ní boron. Wáyà etí táyà la ní, ó sì wà lọ́dọ̀ gbogbo fọkanáísà.

Ìlànà ìṣirò yìí kò kún ojú ìwé kan. Nọ́ńbà tí ẹ máa fi sínú rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ àṣekágbá tí mò ń rí máa ń mú agbára wáyà látinú ìwé olówò, wọ́n á fi ṣe ìsọdipúpọ̀, wọ́n á ya àwòrán aláràbarà sí i, ó parí. Wáyà tó wà nínú ìwé yẹn kò tíì wọ iná. Tiyín ti wọ̀ ọ́.

1. Ẹ ya ojú ibi tí ẹ máa gé, kí ẹ ka wáyà ibẹ̀

Ká mú ọ̀pá kan tí ojú rẹ̀ jẹ́ 10 mm sí 10 mm. Ẹ to wáyà 16 sínú rẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin ní ìlà mẹ́rin, kí wọ́n fi 2.5 mm jìnnà síra láti àárín dé àárín. Ẹ fi fẹ́níà (irinṣẹ́ ìwọ̀n) wọn ìbú wáyà, kò gbọdọ̀ jẹ́ àfojúdá. Tiwa jẹ́ 1 mm, nítorí náà ojú wáyà kan jẹ́ 0.785 mm², mẹ́rìndínlógún jẹ́ 12.57 mm². Ẹ pín in pẹ̀lú 100 mm² tó jẹ́ ojú ọ̀pá. Ìpín wáyà, tí màá máa pè ní V, jẹ́ 0.126. Álúmínì ló ni 0.874 tó kù.

Bí wáyà bá dípẹtà tàbí tí rọ́bà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

2. Ẹ wá agbára wáyà lẹ́yìn tó ti wọ iná

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo àsìkò yín jù. Wáyà etí táyà lágbára nítorí pé wọ́n fà á tẹ́ẹ́rẹ́ ní tútù nílé iṣẹ́. Bó bá jẹ́ tuntun, ó lè gbé nǹkan bí 1900 MPa, ìyẹn 1900 newton lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ooru ló ń tú agbára tí fífà náà fún un ká. Bó bá ti kọjá nǹkan bí 400°C, wáyà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, álúmínì tó yọ́ sì ju 660°C lọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ra wáyà lọ́wọ́ àwọn tó ń dáná sun táyà, ẹ mọ̀ pé wáyà yẹn ti rọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín rárá. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e jáde lára táyà. Ó le, àmọ́ ó sàn jù.

Ohun kejì ni pé irin àti álúmínì kì í bára wọn gbé jẹ́jẹ́ nínú ooru. Èèpo kan máa ń hù láàárín wọn, àdàlú irin àti álúmínì ni, ó gbẹ, ó sì máa ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Bí wáyà bá ṣe pẹ́ tó nínú álúmínì tó yọ́ ni èèpo náà ṣe máa nípọn tó, ara wáyà ló sì ń jẹ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ agbára tó kù? Ẹ rọ ọ̀pá kan, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ gé e, kí ẹ wá fi sódà tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò yọ álúmínì kúrò lára wáyà. Sódà á jẹ álúmínì, kò ní jẹ irin. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò, kí iná tàbí sìgá má sì sún mọ́ ibẹ̀ rárá, torí gáàsì háídrójìn ló ń jáde, omi sódà náà á sì hó gidigidi. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa ju álúmínì sínú rẹ̀. Ìdọ̀tí dúdú tó bá kù nídìí, sílíkọ́nì inú písítìn ni, ẹ ṣàn án dànù.

Wáyà tó bá jáde, ẹ so ó kọ́ sórí igi tó dúró gbọin, ẹ so garawa ńlá tàbí dúrọ́ọ̀mù kékeré mọ́ ìdí rẹ̀, kó fi díẹ̀ ga kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì máa bu iyanrìn sí i títí wáyà á fi já. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn níbi tí ẹ so ó sí, torí ibẹ̀ ló máa já bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà yín á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wé e mọ́ páìpù lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta kí ẹ tó so ó. Wáyà 1 mm tó ṣì ní 1900 MPa á gbé nǹkan bí 152 kg, ó ju àpò símẹ́ńtì mẹ́ta lọ. Èyí tó ti rọ̀ dé 800 MPa á já ní 64 kg, kò ní gbé àpò méjì. Ẹ ò rí i pé kò dìgbà tí ẹ bá ní ẹ̀rọ olówó ńlá kí ẹ tó mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ká gbà pé 800 MPa la bá. Wáyà kan ò tó o, ẹ dán bíi mẹ́wàá wò, kí ẹ kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ tún máa nílò ìfà (ipá lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ní MPa) tó wà nínú wáyà nígbà tó bá ti nà dé 1%. Ẹ sàmì sí i lára kí ẹ sì máa fi rúlà wọn bó ṣe ń nà bí iyanrìn ṣe ń pọ̀ sí i. Ká ní 550 MPa ni.

3. Ẹ wá ti álúmínì náà

Ẹ rọ ọ̀pá kan láìsí wáyà, látinú ìléru kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Ó máa gba ipá tó tó 14,000 newton láti fa ọ̀pá 100 mm² tó ní 140 MPa já, nítorí náà ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ ìfà lẹ máa gbé e lọ. Nọ́ńbà mẹ́ta ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn: ìfà tó ti juwọ́ sílẹ̀ tí kò ní padà sí bó ṣe wà mọ́ (ká ní 90 MPa), ìfà tó já (140 MPa), àti bó ṣe nà tó kó tó já. Álúmínì písítìn kún fún sílíkọ́nì, kì í nà lọ títí. Nǹkan bí 1% ló ti ń já. Álúmínì wáyà iná mànàmáná yàtọ̀ pátápátá, ó rọ̀, ó sì ń nà dáadáa. Ìyàtọ̀ yìí ló máa pinnu irú ìṣirò tí ẹ máa ṣe ní ìsàlẹ̀, ẹ má da àwọn méjèèjì pọ̀ nínú ìléru.

4. Gígan

Èyí rọrùn. Gígan ni bí nǹkan ṣe ń kọ̀ láti nà. Ti wáyà jẹ́ 200 GPa (1 GPa jẹ́ 1000 MPa), ti álúmínì 70 GPa, iná kì í sì í yí ìkankan nínú wọn padà.

E = V × 200 + (1 − V) × 70 = 25.2 + 61.2 = 86.4 GPa

Ó fi bí 23% gan ju álúmínì lásán lọ. Nọ́ńbà yìí kì í sábà já ni kulẹ̀.

5. Ta ló máa kọ́kọ́ já?

Púpọ̀ ló máa ń fo ìbéèrè yìí. Wáyà àti álúmínì jọ ń nà ni, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń nà, nítorí náà ẹni tí nínà rẹ̀ bá kúrú jù ló máa kọ́kọ́ já.

Nínú àpẹẹrẹ wa, álúmínì písítìn ń já ní 1%, wáyà tó ti rọ̀ ṣì lè nà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Álúmínì ló máa kọ́kọ́ já. Ìfà tó wà nínú ọ̀pá ní ìṣẹ́jú yẹn ni:

V × ìfà wáyà ní 1% + (1 − V) × agbára álúmínì
= 0.126 × 550 + 0.874 × 140
= 69 + 122, ó súnmọ́ 192 MPa

Lẹ́yìn tí álúmínì bá ti sán, ṣé wáyà nìkan lè gbé ẹrù náà? Wáyà nìkan ní 0.126 × 800 = 101 MPa. Kò tó 192. Gbogbo rẹ̀ á já lẹ́ẹ̀kan náà. Agbára ọ̀pá wa jẹ́ 192 MPa, ó fi 37% ju álúmínì lásán lọ.

Ẹ wá wo ohun tí ẹni tó lo ìwé olówò máa kọ: 0.126 × 1900 + 0.874 × 140 = 362 MPa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Apá ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi 362 ṣètò máa ṣẹ́ lójú gbogbo ayé.

Bó bá jẹ́ álúmínì wáyà iná lẹ lò, wáyà irin ló máa kọ́kọ́ já, ìṣirò á sì yí padà. Ẹ ò ní fi agbára álúmínì sínú rẹ̀ mọ́, bí kò ṣe ìfà tó wà nínú álúmínì nígbà tí wáyà ń já. Ká ní álúmínì yẹn ń já ní 80 MPa, àmọ́ tó jẹ́ pé 40 MPa péré ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí wáyà já. V tó kéré jù tó lè ṣe wá láǹfààní ni:

(80 − 40) ÷ (800 − 40) = 0.053

Bí wáyà yín ò bá tó 5.3%, ẹ kàn ń da ara yín láàmú ni. Álúmínì lásán á lágbára jù ú lọ. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé fífi wáyà díẹ̀ sínú irin lè dín agbára rẹ̀ kù.

Kí ẹ tó kúrò níbí, ẹ fi Excel yín ṣeré díẹ̀. Ẹ sọ V di 0.25, ìyẹn ìlọ́po méjì wáyà: ó di 242 MPa. Ẹ dá V padà sí 0.126, àmọ́ kí ẹ gbà pé ẹ yára mú ọ̀pá náà tutù, tí wáyà ṣì gbé 1500 MPa ní 1%: ó di 311 MPa. Kí wáyà pẹ́ díẹ̀ sí i nínú ooru náni ju wáyà mẹ́rìndínlógún mìíràn lọ. Mọ́ọ̀dù irin tó ń fa ooru jáde kíákíá dára ju ti iyanrìn lọ fún iṣẹ́ yìí, mi ò sì rò pé ó yẹ ká máa jiyàn lé e.

6. Ìgbámú, fún wáyà tí kò gùn dé òpin

Bí wáyà bá gba inú ọ̀pá já láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ lè fo ibí yìí. Bó bá jẹ́ wáyà gígé lẹ dà sínú rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá álúmínì dì í mú dáadáa. Kelly àti Tyson ló fún wa ní èyí:

gígùn ààlà = agbára wáyà × ìbú ÷ (2 × ìgbámú)

Bí wáyà bá kúrú ju gígùn ààlà lọ, kò ní já, yíyọ ló máa yọ jáde. Láti wá ìgbámú, ẹ gbin wáyà kan sínú álúmínì ní 4 mm péré, kí ẹ fà á jáde, kí ẹ sì pín ipá tó gbà pẹ̀lú ojú tó fara kan álúmínì (3.14 × 1 × 4 = 12.57 mm²). Bó bá gba 560 newton, ìgbámú jẹ́ nǹkan bí 45 MPa. Gígùn ààlà wá jẹ́ 800 × 1 ÷ 90 = 8.9 mm. Ẹ ò gbọdọ̀ gbìn ín jìn ju ìdajì ìyẹn lọ nínú ìdánwò, torí wáyà fúnra rẹ̀ á já kó tó yọ.

Wáyà gígé tó gùn tó 30 mm, ẹ fi (1 − 8.9 ÷ 60), ìyẹn 0.85, ṣe ìsọdipúpọ̀ agbára rẹ̀. Bí wáyà bá dọ̀tí tí ìgbámú sì já wálẹ̀ sí 10 MPa, gígùn ààlà á di 40 mm, 30 mm yín á sì kàn máa yọ jáde, kò ní lo gbogbo agbára rẹ̀. Wáyà tí wọ́n fi síńkì bò sábà máa ń mú álúmínì dáadáa ju èyí tí kò ní nǹkan lára lọ. Bó bá jẹ́ ṣe lẹ kàn da wáyà sínú rẹ̀ tí wọ́n dojú kọ ibi gbogbo, ẹ tún fi 1/5 ṣe ìsọdipúpọ̀ ìpín wáyà; bó bá jẹ́ pé wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ ní ojú kan, 3/8.

7. Ìfà tí ìtutù fi sílẹ̀ sínú rẹ̀

Álúmínì máa ń sún kì bó bá ń tutù, ìlọ́po méjì ti irin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ń ṣe bẹ́ẹ̀: nǹkan bí 22 sí 12 nínú mílíọ̀nù fún ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan. Wáyà kò jẹ́ kó sún tán. Nítorí náà ọ̀pá yín ti wà lábẹ́ ìfà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má lo gbogbo 660°C. Nínú ooru gíga, álúmínì rọ̀ tó láti tú ìfà náà ká. Mo máa ń mú 200°C tó kẹ́yìn.

ìfà inú álúmínì = V × 200 × 70 × (10 ÷ 1,000,000 × 200) ÷ 86.4

Ó jẹ́ 0.041 GPa, ìyẹn 41 MPa. Álúmínì tó ń juwọ́ sílẹ̀ ní 90 kò ní ju 49 lọ mọ́ láti lò. Láìsí ìtutù, ọ̀pá onífọ́nrán yìí kì bá bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sílẹ̀ àfi ní 111 MPa. Pẹ̀lú rẹ̀, 60 MPa ni. Fún apá ẹ̀rọ tó gbọ́dọ̀ máa padà sí bó ṣe wà, 60 yìí ṣe pàtàkì ju 192 lọ.

8. Bí ẹrù kò bá tọ wáyà

Mọ́ọ̀dù kì í gún régé, wáyà náà máa ń wọ́. Nọ́ńbà mẹ́ta lẹ nílò: X, agbára ní ọ̀nà wáyà, 192, Y, agbára ní ìbú, S, agbára ìrẹ́ (ìgbà tí apá kan bá ń yọ̀ lórí ìkejì), ká ní 70. Fún Y, ẹ ka wáyà sí ihò lásán, torí èèpo yẹn lè ṣí nígbàkigbà. Nínú 2.5 mm kọ̀ọ̀kan, 1 mm ti lọ, ó ku 0.6; 0.6 × 140 = 84 MPa. Ìlànà Tsai-Hill ló so wọ́n pọ̀ (θ ni ìtẹ̀sí ẹrù sí ọ̀nà wáyà, σ ni agbára ọ̀pá ní ìtẹ̀sí náà):

1/σ² = cos⁴θ/X² + (1/S² − 1/X²) sin²θ cos²θ + sin⁴θ/Y²

Ní ìtẹ̀sí 10° ó di 180 MPa, ní 20° ó di 155, ní 45° ó di 108. Ẹ kíyè sí i pé ní 45° àti ní ìbú, kò tó 140 tí álúmínì lásán ní. Bí ẹrù apá ẹ̀rọ yín bá ń ti ọ̀nà púpọ̀ wá, wáyà tó dojú kọ ọ̀nà kan ṣoṣo lè pa yín lára.

9. Bí ẹ bá fẹ́ lo fọ́nrán gidi

Alumina tàbí silicon carbide kì í nà bí irin, ó kàn ń ṣẹ́ ni, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan sì ní àbùkù tirẹ̀. Èyí tó bá gùn jù ló ṣeé ṣe kó ní àbùkù tó burú jù. Ìlànà Weibull, tó ń fi bí agbára fọ́nrán ṣe ń yàtọ̀ síra hàn, la fi ń ṣírò rẹ̀. Fọ́nrán tó gbé 3100 MPa nígbà tí wọ́n dán 25 mm rẹ̀ wò, bí nọ́ńbà Weibull rẹ̀, m, bá jẹ́ 10, kò ní ju 3100 × (25/250)^(1/10), ìyẹn nǹkan bí 2460 MPa, lọ ní 250 mm. Ẹ lè fi Python (èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà) ṣe é: ẹ fún fọ́nrán ẹgbẹ̀rún kan ní agbára tó yàtọ̀ síra, ẹ máa fi nínà kún un díẹ̀díẹ̀, kí èyí tó bá já pín ẹrù rẹ̀ fún àwọn tó kù, títí gbogbo rẹ̀ á fi wó. Kọ̀ǹpútà kékeré á ṣe é kí iná tó lọ.

Ẹ̀yin tó fẹ́ lo CalculiX (ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ipá inú nǹkan) tàbí irú rẹ̀, ó dára, ọ̀fẹ́ sì ni. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣírò 86.4 GPa yẹn. Bí kọ̀ǹpútà bá fún yín ní nǹkan mìíràn fún ọ̀pá kan náà, ẹ wá àṣìṣe inú ohun tí ẹ tẹ̀ sínú rẹ̀.

10. Ẹ fà á já, kí ẹ wo ojú ibi tó ti já

Ẹ rọ ọ̀pá bíi márùn-ún, kí ẹ fà wọ́n já. Bí wọ́n bá súnmọ́ 192, iṣẹ́ yín dára. Bí wọ́n bá kéré sí i, ojú ibi tó ti já ló máa sọ ìdí rẹ̀. Wáyà tó yọ gùn síta tí ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, ìgbámú ló kù díẹ̀ káàtó, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹfà. Wáyà tó já pẹrẹsẹ pẹ̀lú álúmínì tí èèpo dúdú sì yí i ká, ó ti pẹ́ jù nínú ooru, ìgbésẹ̀ kejì lẹ máa tún ṣe. Wáyà tó ṣùjọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mọ́ọ̀dù yín kò dì í mú nígbà tí álúmínì ń wọlé. Ọ̀pá náà ń tẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fà á, V tí ẹ kọ sílẹ̀ kò sì bá ibẹ̀ mu. Bó bá jẹ́ ihò gáàsì ló kún ojú ibẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ kan Excel yín rárá. Ẹ lọ gbẹ àlòkù álúmínì dáadáa kí ẹ tó tún yọ́ ọ, torí omi ara rẹ̀ ló ń di ihò wọ̀nyẹn.